Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ wo ọwọ́ mi yìí kí ẹ tó bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń fi ọṣẹ, kẹrosíìnì àti iyanrìn fọ̀ ọ́, síbẹ̀ dúdú kan wà lábẹ́ èékánná mi tí yóò bá mi wọ sàréè. N kò ráhùn. Mẹkáníìkì ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ṣe é, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọkọ̀ tó sọ mí di èèyàn ni àwọn ọkọ̀ asáré, àwọn onílẹ̀kùn méjì tó sún mọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní sípọ́ọ̀tì. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí mo dákẹ́ lé lórí fún ọdún mọ́kànlá. Ibẹ̀ ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà débẹ̀.

Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí ní Ìtòkú. Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà, wọ́n sì ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé kíkà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà Ṣóbándé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń gún régé láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ọ̀sán Fúráìdè. Bí mo ṣe jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tó, bí ọmọ ló ṣe mú mi. Òun ló ní tíṣà ni màá dà. Nígbà tí mo lọ sọ fún un pé ẹ̀rọ ló wù mí, ó wò mí títí, ó ní, "Mùfú, kò burú. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí o bá ń tún ṣe, máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sí i lára. Má jẹ́ kí ìwé tí mo kọ́ ọ ṣègbé."

Ọ̀gá Làmídì ní Láfẹ́nwá ni mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Papalanto lòun náà ti kọ́ ọ. Ó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ ọmọ bíbí inú wọn lọ, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ó tó jẹun ọ̀sán. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fọwọ́ kan sípánà. Nọ́ọ̀tì ni mò ń fọ̀. Ọ̀gá á tú nǹkan palẹ̀, á da gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀ sínú páànù kan, á ní kí n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Bí mo bá ṣi ẹyọ kan, á tún dà wọ́n pọ̀, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo ṣì í lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó kàn ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹyọ kan ṣì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ."

Ọ̀pá irin kan ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wa nígbà náà. Ọ̀gá á ti orí kan mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, á fi orí kejì sí etí, á dijú, á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ní ti táyà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Má wo ojú táyà. Wo ọdún ẹ̀." Òun ló fi nọ́ńbà kékeré hàn mí, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó níbi tó wà. Táyà ọkọ̀ akérò kì í dàgbà, títì á ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ asáré, ọjọ́ tó fi ń wà nílé ju ọjọ́ tó fi ń jáde lọ, nítorí náà táyà rẹ̀ lè máa dán kí ó sì ti gbó.

Òfin Ọ̀gá tó le jù ni ti ìjókòó. Kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ tí yóò kúrò lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀, kí olówó ọkọ̀ wà á jáde ìlú kí ó sì wà á padà. Ìwọ á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, o ò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé nítorí iṣẹ́ tí a ṣe ni, kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀. Ọ̀gá ní ìyẹn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀. "Ẹnu èèyàn ń sọ ohun tó fẹ́ kí o gbọ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń wá. Tẹ́tí sí ẹsẹ̀."

Mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lójú ọ̀nà tó jáde lọ sí Kọ́bapẹ́, mo sì gbé òfin náà dání. Gbogbo oníbàárà mi ló mọ̀ pé a ó dé Kọ́bapẹ́ kí a tó padà. Àwọn tó ń ta iṣu àti àgbàdo lẹ́bàá títì níbẹ̀ mọ̀ mí débi pé bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀, wọ́n á pariwo pé, "Bàbá Alájókòó ti dé o!"

Bí ẹ bá bi mí pé nínú àwọn ọkọ̀ asáré, èwo ló dára jù, èmi náà á bi yín pé ta ló fẹ́ wà á. Dókítà obìnrin kan wà tó ní ọkọ̀ pupa ilẹ̀ Ítálì. Ọkọ̀ yẹn fi ìyà jẹ mí. Bí oòrùn bá mú, á gbóná. Bí òjò bá rọ̀, á kọ̀ kò níí ṣiṣẹ́. Mo gba dókítà nímọ̀ràn pé kí wọ́n tà á. Ọjọ́ tí mo jókòó tì wọ́n ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ. Bí a ṣe dé abẹ́ afárá ní Kútọ̀, wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n já jíà wálẹ̀ sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tẹná. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà lu ògiri afárá, ó padà sí wa létí, ojú dókítà sì tú ká. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìrora aláìsàn, ohùn yẹn ni wọ́n ra ọkọ̀ fún.

Kọngílá kan, agbaṣẹ́ṣe, ní ti ilẹ̀ Jámánì, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ní ìlọ́po méjì eré tí ọkọ̀ mìíràn ń sá, inú ọkọ̀ yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn eré rárá, ìdákẹ́jẹ́ ló fẹ́, pé kí ohun kan wà láyé tí yóò ṣe ohun tí òun bá ní kó ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní ọkọ̀ ilẹ̀ Japan. Èyí kì í yọni lẹ́nu, ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àárọ̀ ayé, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí á yí ẹ̀yà ara kan padà, lọ́la á yí òmíràn. Ohun tó ń gbádùn ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un. Ẹnì kan tún wà tí kì í sáré kọjá ti alùpùpù, Pànṣẹ́kẹ́ ló ń wà á lọ kí àwọn èèyàn lè wò ó. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde nílé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, mo gbẹ́nu mi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà Ṣóbándé fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sì fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí i. Ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, aláwọ̀ ewé, kò ní òrùlé, ìjókòó méjì péré. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára rárá. Kọngílá á ti dé Ṣágámù kí èyí tó ronú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti Tíṣà, mo rí i pé n kò tíì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ wíwà. Ó ń yí jíà bí ẹni tó ń ṣí ojú ìwé. Ó mọ gbogbo kòtò, ó mọ ibi tí títì ti wú. Mo rú òfin, mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Tíṣà, kí lẹ rí nínú ọkọ̀ yìí gan-an?"

Ó ní, "Mùfú, ìdí mi ló ń ka títì. Bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, ó ń sọ fún mi. Bí mo bá ṣìṣe, ó ń sọ fún mi. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí ní bàbá báyìí, kò sẹ́ni tó ń sọ òótọ́ fún mi mọ́. Ọkọ̀ yìí kì í parọ́ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ń tún kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà ṣe. Mo ti parí rẹ̀, mo ti dá a padà sílé Tíṣà ní Ìbarà, ṣùgbọ́n mo mú kọ́kọ́rọ́ dání títí a ó fi jókòó, ọjọ́ Sátidé ni a sì fi àdéhùn ìjókòó sí. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀, ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n múra dáadáa, gbogbo wọn ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọkọ̀ wà ní àgbàlá. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Táyà mẹ́rin tó ń dán gbinrin, tí kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo dá a padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fọwọ́ pa á, ó le. Mo wá nọ́ńbà, mo kà á. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti ṣe táyà náà.

Kí n tó dìde, Tíṣà ti ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀. "Ẹ wá wo ọmọ mi kékeré," ó ń fi ọkọ̀ hàn wọ́n. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún un ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ yàn án l'Ékòó. Tuntun ni." Olórí àwọn àna náà ní, "Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Àgbà tó mọ nǹkan ni yín." Tíṣà bá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ wá rí ọ̀gá mẹkáníìkì Abẹ́òkúta. Èmi ni mo kọ́ ọ níwèé. Mùfú, táyà yìí, àbí kò dára?"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá mọ ohun tí mò ń sọ. A kì í já àgbà nírọ́ lójú àna rẹ̀. Àbíkẹ́yìn náà ń bẹ nínú yàrá, ó ń gbọ́ wa. Mo rò ó pé a ó jọ jókòó sínú ọkọ̀ láìpẹ́, àwa méjì péré, kí a tó dé ẹnu ọ̀nà màá ti sọ fún Tíṣà, á sì yí i padà. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ó dára, sà."

Ẹnu ẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Àgbà pátápátá nínú àwọn àna náà, tó ń bọ̀ láti Ṣágámù, ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ ní Kọ́bapẹ́. Tíṣà ní òun á lọ gbé e. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ tèmi lọ." Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín. "Mùfú, ọkọ̀ tó kún fún ọ́ìlì yẹn lo fẹ́ fi gbé àna mi?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín nígbà náà." Ó ní, "Ìjókòó méjì ló ní. Bí o bá jókòó, ibo ni wọn yóò jókòó sí?"

Mo fún Tíṣà ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Ẹ rọra o, sà." Ìyẹn ni gbogbo òótọ́ tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Kò dé Kọ́bapẹ́. Táyà iwájú lápá ọ̀tún bẹ́, ọkọ̀ náà sì wọ́ lọ fi ẹ̀gbẹ́ lu igi. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn èèyàn ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mo rí ègé táyà nílẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì ń dán, abẹ́ rẹ̀ sì le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti gbó. Nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Mo kì í bọ àpò. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Tíṣà lókè orúnkún.

Ìgbéyàwó náà wáyé. Tíṣà jókòó, ó súre. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà ń gbọ́. Mo tún ọkọ̀ náà ṣe láti orí dé ẹsẹ̀, n kò gba kọ́bọ̀, mo dá a padà sí àgbàlá, mo fi tapólì bò ó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo ń lọ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tíṣà á jókòó sójú fèrèsé, á máa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ yí padà láàrin àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dé. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ọ, ọmọ mi Sìdíkátù ló kọ́ mi. Ó ń sọ àbùkù ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kò mọ pé àgbà ni ọ̀gá ọkọ̀, kò mọ pé àna wà níjókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo wo ẹ̀rọ yẹn tí ó ṣe mí bí ẹni tó ń jowú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fa ṣọ́ọ̀bù lé Sìdíkátù lọ́wọ́, mo jókòó sílé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún tó kọjá, mo lọ tan ọkọ̀ bí ìṣe mi. Tíṣà fi ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn tọ̀ mí wá. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀.

"Mùfú, o tún ti pààrọ̀ táyà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ọkọ̀ tí kì í lọ ibì kankan, kí ló ń fi táyà tuntun ṣe?"

Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín náà kò wá. Mo lọ sínú ọkọ̀ mi, mo tú àpótí sípánà, mo mú ègé rọ́bà náà jáde. Mo kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà. Mo ní, "Sà, kí ẹ tó bi mí lọ́jọ́ náà níwájú àwọn àna yín, mo ti ka nọ́ńbà yìí. Mo mọ̀ pé ó ti gbó. Mo ní ó dára. Ẹ ní ọkọ̀ yìí kì í parọ́ fún yín. Èmi ni mo parọ́ fún yín."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó gba rọ́bà náà, ó kà á bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ àmúrelé lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní, "Mo ní kí o máa ka ohun tí wọ́n bá kọ."

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀, sà."

"O kà á. O ò sì sọ ọ́." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Lọ sílé rẹ."

Mo lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ yẹn. Inú yàrá ni mo wà láti àárọ̀ di alẹ́, ìyàwó mi rò pé ibà ni. Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn pé, mo rò ó pé bóyá kí n má lọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi débẹ̀. Tíṣà ti wà ní àgbàlá. Ó ti ní kí wọ́n ká tapólì kúrò.

Ó ní, "Má kúnlẹ̀. Gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ ojú rẹ. Lọ́jọ́ náà, mo rí ọ níbi tí o bẹ̀rẹ̀ sí, mo rí bí o ṣe pẹ́ nídìí táyà yẹn, mo sì rí ojú rẹ nígbà tí o dìde. Mo mọ̀ pé ohun kan wà. Mo dìídì bi ọ́ níwájú wọn ni, kí o lè ní ó dára, nítorí mo ti fi ẹnu mi sọ pé tuntun ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbọ́ tí o ń tan ẹ́ńjìnnì yìí, tí n kò sì sọ fún ọ pé mo rí ọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Bí a bá ní kí a jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Gbé mi lọ sí Kọ́bapẹ́."

Mo sunkún, n kò tijú láti sọ ọ́. Mo gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ìjókòó tèmi láti ìgbà yìí wá, mo sì lọ sí ìdí sítíárìn. Nígbà tí a jáde sí títì, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ọ̀pá jíà. Ó ní, "Báyìí." Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, òun ló yí i. "Báyìí." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ, ẹsẹ̀ tèmi, ọwọ́ tirẹ̀, a kọjá níbi igi náà.

Ní Kọ́bapẹ́, àwọn alágbàdo pé lé wa lórí, wọ́n ń kí wa, "Ẹ kú àtijọ́ o!" Tíṣà na ọrùn sókè láàrin wọn bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó ní, "Mùfú, báwo ni mo ṣe yí jíà sí?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Sà, ẹ pẹ́ kí ẹ tó yí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ́ńjìnnì ń bínú."

Obìnrin kan ní, "Háà, Bàbá Alájókòó, ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀?"

Tíṣà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ." Ó tún gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà. "Jẹ́ ká padà. N ó tètè yí i lọ́tẹ̀ yìí."